Ohùn Orílẹ̀-èdè Lẹ́nu Ọmọ Iléèwé

Nínú eré aṣojú orílẹ̀-èdè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní simulation, tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì sì ń pè ní Model UN, nǹkan méjì ni wọ́n máa ń gbé lé ọmọ lọ́wọ́ ṣáájú ọjọ́ ìpàdé: ọ̀rọ̀ kan tí ìgbìmọ̀ fẹ́ jíròrò, àti orílẹ̀-èdè kan tí ọmọ náà máa gbẹnu sọ fún. Kò sẹ́ni tó ń bi í bóyá ó fẹ́ràn orílẹ̀-èdè náà. Ọmọ tí wọ́n bí sí Koumassi ní Àbíjàn, Côte d'Ivoire, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti Èjìgbò ní Nàìjíríà wá, lè rí i pé orúkọ Nẹ́dálándì ni wọ́n fún òun. Láti ìgbà náà títí ìpàdé á fi tú, ohùn Nẹ́dálándì ni ohùn rẹ̀. Ìwádìí tí ó bá ṣe láàrin ọjọ́ tí wọ́n fún un ní orúkọ yẹn àti ọjọ́ tí ó máa dìde sọ̀rọ̀ ni yóò sọ bóyá aṣojú ni, tàbí ọmọ iléèwé tó há ìwé sórí.

Eré náà ti pẹ́. Kí wọ́n tó dá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sílẹ̀ ní 1945 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe àfarawé ìpàdé League of Nations tó ṣáájú rẹ̀. Ní 1968 ni ti ìlú The Hague bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọ iléèwé girama. Lónìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Èkó àti ti Ìbàdàn ń ṣe é, ó sì ti wọ Àbíjàn náà.

Koumassi jẹ́ ọ̀kan nínú agbègbè mẹ́wàá tí wọ́n pín ìlú Àbíjàn sí. Ìhà gúúsù ló wà, létí ọ̀sà Ébrié, ìkànìyàn 2021 sì fi hàn pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní 400,000. Àwọn Yorùbá wà níbẹ̀ tipẹ́, nídìí òwò, àwọn onílẹ̀ a sì máa pè wọ́n ní Ànàgó. Faransé ni ọmọ wọn fi ń kàwé, Yorùbá ni wọ́n ń gbọ́ nínú ilé, Gẹ̀ẹ́sì sì ń bá ìwé àti ìbátan wá láti Nàìjíríà. Fún irú ìwádìí yìí, ogún ńlá ni. Èdè mẹ́fà ni Àjọ Ìṣọ̀kan fi ń ṣiṣẹ́: Lárúbáwá, Ṣáínà, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Rọ́ṣíà àti Sípéènì. Ẹni tó bá ka ìpinnu kan ní Faransé, tó tún kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, á rí ibi tí wọ́n ti dọ́gbọ́n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìdè. Ìpinnu 242 ti 1967, lórí àwọn ilẹ̀ tí Ísírẹ́lì gbà nínú ogun ọdún náà, ni àpẹẹrẹ tó lókìkí jù: bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn lè sọ pé kò pọn dandan kí ó jẹ́ gbogbo ilẹ̀ náà, bí Faransé ṣe kọ ọ́, ènìyàn lè sọ pé gbogbo rẹ̀ ni. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń di èyí tó wù ú mú.

Àkòrí ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ tú, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ẹyọ ọ̀rọ̀ náà tí àwọn aṣojú gidi kò ti jà lé lórí. Ẹ jẹ́ ká mú àkòrí kan tó kan Àbíjàn gbọ̀ngbọ̀n: gbígbé ìdọ̀tí eléwu kọjá ẹnu ààlà. Ó dà bí ẹni pé ó yéni. Ṣùgbọ́n kí ni ìdọ̀tí? Fíríìjì àlòkù tó ti Yúróòpù wọ èbúté Àbíjàn, ọjà ni lójú ẹni tó ń tà á ní Koumassi. France au revoir ni wọ́n ń pe irú ẹrù bẹ́ẹ̀, bí ará Èkó ṣe ń pe tirẹ̀ ní tòkúnbọ̀. Bí fíríìjì náà bá ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, ó ti ṣe ìdílé kan lóore. Bí kò bá wá tutù rárá, tí wọ́n fọ́ ọ nítorí bàbà inú rẹ̀, ìdọ̀tí ta ni, ta ló sì kó o fún ta? Ní 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network gbé ìròyìn kan jáde lórí kọ̀ǹpútà àlòkù ní Èkó. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 500 kọ̀nténà ló ń wọlé lóṣù, pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù inú wọn ni kò ṣeé tún ṣe lérè mọ́. Ó di 2022 kí àwọn tó wà nínú Àdéhùn Basel, àdéhùn àgbáyé lórí gbígbé ìdọ̀tí eléwu kọjá ààlà, tó gba àbá tí Gánà àti Switzerland jọ gbé wá: gbogbo ìdọ̀tí ẹ̀rọ iná, ìbáà léwu, ìbáà má léwu, kò gbọdọ̀ gbéra láìjẹ́ pé orílẹ̀-èdè tó máa gbà á ti kọ́kọ́ yọ̀ǹda. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025 ni òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá mọ̀ pé ìjà ìtumọ̀ wà nínú àkòrí rẹ̀ yóò wọ ìpàdé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rere nípa ìmọ́tótó, kò sì ní mọ ohun tí wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ohun tí ìgbìmọ̀ lágbára láti ṣe ló kàn. Ọmọ ẹgbẹ́ 15 ló wà nínú Ìgbìmọ̀ Aláàbò. Ìbò 9 ni ìpinnu nílò kó tó dúró, márùn-ún nínú àwọn 15 náà sì lè fi ìbò kan ṣoṣo pa á. Ìgbìmọ̀ yìí lè pàṣẹ, kí àṣẹ náà sì de gbogbo ayé. Àpéjọ Gbogbogbòò ní ọmọ ẹgbẹ́ 193, àmọ́ ìmọ̀ràn ni ìpinnu rẹ̀, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ owó àjọ àti irú rẹ̀. Àpéjọ àwọn tó wà nínú Àdéhùn Basel kò lè de ẹni tí kò sí nínú àdéhùn náà. Èyí dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wó. Wọ́n á kọ ọ́ pé kí ìgbìmọ̀ àyíká tó ń jókòó ní Nairobi ti èbúté kan pa, tàbí kó rán sójà lọ. Aṣojú gidi kì í bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń bẹ̀.

Ìtàn ọ̀rọ̀ náà ló tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ló sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ pẹ́ sí jù. Ti ìdọ̀tí eléwu yìí, ó dára kó bẹ̀rẹ̀ láti Koko, èbúté kékeré kan tó wà ní Ìpínlẹ̀ Delta báyìí ní Nàìjíríà. Ní 1988, wọ́n rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró tó ti Ítálì wá, tí wọ́n tò sí àgbàlá ilé kan. Nàìjíríà pe aṣojú rẹ̀ padà láti Ítálì, ó mú ọkọ̀ ojú omi Ítálì kan, ó sì fi dandan mú kí wọ́n kó ẹrù náà lọ. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba ológun ṣe òfin tó sọ pé ẹni tó bá kó irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ wọlé, ẹ̀wọ̀n gbére ni. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù Ẹrẹ́nà 1989, wọ́n parí Àdéhùn Basel, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1992. Àdéhùn náà kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ìdọ̀tí lọ sí ilẹ̀ ẹlòmíràn; ó ní kí ẹni tó ń gbé e kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda. Èyí kò tó lójú àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1991, wọ́n pàdé ní Bamako, wọ́n ṣe àdéhùn tiwọn, èyí tó ka gbígbé ìdọ̀tí eléwu wọ Áfíríkà léèwọ̀ pátápátá. Ó di 1998 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó di 2013 kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ tó ṣe àpéjọ àkọ́kọ́, Àbíjàn ni wọ́n sì ti ṣe èkejì ní 2018. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàrin òfin àti àpéjọ àkọ́kọ́: akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣojú orílẹ̀-èdè Áfíríkà èyíkéyìí gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn sílẹ̀ fún ẹni tó bá fi èyí gún un lójú.

Láàrin ìgbà náà ni Probo Koala dé. Ọkọ̀ ojú omi tó ń lo àsíá Pánámà ni, tí ilé-iṣẹ́ Trafigura háyà. Ní oṣù Agẹmọ 2006, ó gbìyànjú láti já ìdọ̀tí inú rẹ̀ sílẹ̀ ní Amsterdam. Òórùn náà le débi pé ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gbà á gbé owó iṣẹ́ sókè, wọ́n sì tún fa ìdọ̀tí náà padà sínú ọkọ̀. Ó lọ sí Estonia, ó gba Èkó kọjá, ó sì dé Àbíjàn ní ọjọ́ 19 oṣù Ògún. Ilé-iṣẹ́ kan nílùú gba iṣẹ́ náà, ọkọ̀ àjàgbé gbé e lóru lọ dà sí Akouédo, níbi tí wọ́n ń da pàǹtírí ìlú sí, àti káàkiri ibòmíràn. Àwọn aláṣẹ Côte d'Ivoire sọ pé ó kéré tán, ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kú, pé àwọn tó lọ gba ìtọ́jú lé ní 100,000. Trafigura ní ohun tó wà nínú ọkọ̀ òun kò lè pa ènìyàn. Ìjọba ìgbà náà, tí Charles Konan Banny jẹ́ olórí rẹ̀, kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ní oṣù Ọwẹwẹ. Ní 2007, Trafigura fara mọ́ sísan owó CFA bílíọ̀nù 95 fún ìjọba, láìgbà pé òun jẹ̀bi. Ní 2009, ó fẹnu kò ní Lọ́ńdọ̀nù láti san mílíọ̀nù 30 pọ́n-ùn fún nǹkan bí 30,000 ènìyàn. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Ọwẹwẹ 2023, Ilé Ẹjọ́ Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tó wà ní Arusha, dá ẹjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ pè. Orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀ ni wọ́n dá lẹ́bi, pé kò dáàbò bo ẹ̀mí àti ìlera àwọn ènìyàn rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ibí yìí ni ìwádìí ìdúró orílẹ̀-èdè ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, ó sì ń dun ọmọ tó bá ti mọ ìtàn náà láti ilé. Ọmọ Koumassi tí wọ́n ní kó ṣojú Côte d'Ivoire rò pé iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn: wọ́n ṣe wá níbi, ẹ ràn wá lọ́wọ́. Ìwádìí á fi hàn án pé orílẹ̀-èdè tí wọ́n da oró sí lára náà ni ilé ẹjọ́ tún dá lẹ́bi. Pé ní oṣù Igbe 2020, kí ìdájọ́ náà tó jáde, ìjọba ti yọ ọwọ́ kúrò nínú ìwé tó fún aráàlú àti àwọn ẹgbẹ́ láyè láti pe òun lẹ́jọ́ tààrà níbẹ̀. Aṣojú rẹ̀ kò ní fi ẹnu ara rẹ̀ sọ èyí nínú ìpàdé, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, torí ó ń sọ ibi tí kò ní fẹ́ kí ìpinnu dé. Yóò fẹ́ owó ìtọ́jú àti ìmọ́tótó, yóò fẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ líle mú ilé-iṣẹ́ àti orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ ti gbéra. Bóyá ló máa fẹ́ kí ilé ẹjọ́ òkèèrè máa gbọ́ ẹjọ́ aráàlú mọ́ ìjọba.

Ọ̀nà tó dájú jù láti mọ ìdúró orílẹ̀-èdè ni láti ya ohun tó wí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó buwọ́ lù, kí a ya ohun tó buwọ́ lù sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó fi òǹtẹ̀ lù, ká tún wo ohun tó ṣe nílé. Amẹ́ríkà buwọ́ lu Àdéhùn Basel ní 1990, kò tíì fi òǹtẹ̀ lù ú. Ẹni tó bá ṣojú rẹ̀ tó ń sọ pé àdéhùn wa, ó ti ṣì í. Côte d'Ivoire fi òǹtẹ̀ lu ti Basel àti ti Bamako ní 1994, síbẹ̀ ọdún méjìlá lẹ́yìn náà ni Probo Koala rí àyè wọlé. Wọ́n fi àtúnṣe kan kún Àdéhùn Basel ní 1995, tó ka kíkó ìdọ̀tí eléwu láti orílẹ̀-èdè olówó lọ sí ti àwọn yòókù léèwọ̀. Oṣù Ọ̀pẹ 2019 ló tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nínú àlàfo ọdún mẹ́rìnlélógún yẹn ni gbogbo orílẹ̀-èdè ti fi ara hàn: ta ló tètè fi òǹtẹ̀ lù ú, ta ló fà sẹ́yìn, ta ni kò fi òǹtẹ̀ lù ú rárá. Àtẹ orúkọ àwọn tó fi òǹtẹ̀ lù ú, pẹ̀lú ọjọ́ tí kálukú ṣe é, wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ó ṣàǹfààní ju ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ àpilẹ̀kọ lọ.

Ìbò náà ní èdè tirẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù Ẹrẹ́nà 2022, Àpéjọ Gbogbogbòò dìbò lórí ogun tí Rọ́ṣíà gbé wọ Ukraine: 141 fọwọ́ sí ìpinnu náà, 5 kọ̀ ọ́, 35 ní àwọn ò sí níhìn-ín, àwọn ò sí lọ́hùn-ún. Côte d'Ivoire, Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí i. Sẹ̀nẹ̀gà àti Mali wà lára àwọn 35. Tógò àti Burkina Faso kò dìbò rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kánjú á da àwọn tó takété àti àwọn tí kò dìbò pọ̀, ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n: ẹni tó takété wà níbẹ̀, ó jẹ́ kí wọ́n rí òun, ẹni tí kò dìbò kò jẹ́ kí wọ́n rí ohunkóhun. Lẹ́yìn ìbò, aṣojú a máa dìde ṣàlàyé ìdí tí òun fi dì í bẹ́ẹ̀. Ìpínrọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ni àlàyé náà sábà máa ń jẹ́, inú rẹ̀ sì ni ìdúró gidi wà, nítorí ibẹ̀ ni orílẹ̀-èdè ti ń sọ ohun tó rò láìsí ìyìn àti ọ̀rọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún.

Ìdí tí orílẹ̀-èdè fi dúró síbi tó dúró sí ṣòro láti rí ju ibi tó dúró sí lọ. Inú owó, inú aládùúgbò àti inú ẹ̀rù ni a ti ń wá a. Nẹ́dálándì ní Rotterdam, èbúté tó tóbi jù ní Yúróòpù. Ọ̀rọ̀ ẹrù tó ń wọlé tó ń jáde, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni fún un. Ó tún wà nínú European Union, tí òfin ìdọ̀tí rẹ̀ kan náà de gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ 27, nítorí náà kò lè ṣèlérí nínú ìpàdé ohun tó ta ko òfin yẹn. Nàìjíríà ní Koko nínú ìrántí, ó sì ní Alábà àti Computer Village ní Ìkẹjà, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ ti ń jẹun nídìí ẹ̀rọ àlòkù. Aṣojú Nàìjíríà tó bá bú gbogbo tòkúnbọ̀ ti bú oúnjẹ àwọn ènìyàn rẹ̀. Côte d'Ivoire ní ìrírí kan tí ọ̀pọ̀ kò ní: láti 2004 títí di oṣù Òkúdu 2017, àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní ONUCI, wà lórí ilẹ̀ rẹ̀, gbogbo Àbíjàn ló mọ ọkọ̀ funfun ONUCI, wọ́n sì ń gbọ́ rédíò rẹ̀. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ONUCI kásẹ̀ nílẹ̀, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2018, orílẹ̀-èdè náà wọ Ìgbìmọ̀ Aláàbò fún ọdún méjì. Ẹni tó ti jẹ́ ọ̀rọ̀ lórí tábìlì rí kì í sọ̀rọ̀ lórí tábìlì bí ẹni tí kò jẹ́ rí, ó sì yẹ kí èyí hàn nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣojú rẹ̀ nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan dídá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹlòmíràn.

Ibi tí wọ́n ti ń rí gbogbo èyí kò jìnnà. Ibi ìkówèésí Àjọ Ìṣọ̀kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ìpinnu, ìbò àti ọ̀rọ̀ tí aṣojú sọ ló wà níbẹ̀. Ní Koumassi, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń wá a, dátà sì ń jẹ owó, nítorí náà ó sàn kí wọ́n gba ìwé pàtàkì mẹ́rin sílẹ̀ kí wọ́n sì kà wọ́n parí, ju kí wọ́n ṣí ojúewé ogójì tí wọn ò ka ìlà kẹwàá rẹ̀. Kò sí orísun tí kò ní olówó. Ìwé ìròyìn Fraternité Matin, tó ti ń jáde láti 1964, ti ìjọba ni. Amnesty àti Greenpeace, tó jọ ṣe ìwádìí gígùn kan lórí Probo Koala ní 2012, ń jà fún àwọn tí ọ̀ràn náà dùn. Trafigura náà ní àlàyé tirẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni: ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ta ló sọ kí ni. Àdúgbò náà ní ohun tí ìwé kò ní. Ọmọ tó bá kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà kan tó ti ń tajà ní Àbíjàn láti ìgbà Probo Koala, tó sì bi í pé, “Ìyá, báwo ni ìlú ṣe rí nígbà ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí yẹn?” lè gbọ́ nípa òórùn, nípa àwọn èrò tó kún ilé ìwòsàn, nípa ẹ̀rù ẹja àti ẹ̀fọ́. Kò ní lè fi í ṣe ẹ̀rí òfin, ṣùgbọ́n yóò mọ ohun tí nọ́ńbà tó ń kà túmọ̀ sí.

Ohun tó le jù kò sí nínú ìwé kankan, òun ni bíbọ́ ọkàn ara ẹni sí ẹ̀gbẹ́ kan. Yorùbá mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ìlàrí Aláàfin, tí wọ́n fá apá kan orí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọba ni ó ń gbé lọ, kì í fi tirẹ̀ kún un. Ní 1886, nígbà tí wọ́n ń wá bí ogun Kírìjì á ṣe parí, Samuel Johnson àti Charles Phillips jẹ́ iṣẹ́ Gómìnà Moloney láàrin àgọ́ Ìbàdàn àti ti Èkìtìparapọ̀, wọ́n sì ní láti gbé ọ̀rọ̀ ẹnìkan débi tí ẹlòmíràn á fi gbọ́ ọ láì bínú. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ: ọgbọ́n aṣojú wà nínú rẹ̀. Ọmọ Àbíjàn tó ń ṣojú Nẹ́dálándì kò gbọdọ̀ fi ẹ̀gàn sọ ọ̀rọ̀ Nẹ́dálándì kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè mọ̀ pé kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ sọ ohun tí Nẹ́dálándì kò ní sọ láéláé nítorí pé ó dára. Èyí tí ń ṣẹlẹ̀ jù ni èkejì; ọkàn rere ló ń fà á, ó sì ń ba eré jẹ́ fún gbogbo ènìyàn, nítorí ìjà tó yẹ kí wọ́n kọ́ láti parí kò ní wáyé.

Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń dá rìn. Àwọn 54 ti Áfíríkà ní ohùn kan lórí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀; G77, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, ti ju 130 lọ báyìí; European Union sábà máa ń sọ̀rọ̀ pa pọ̀. Ó rọrùn láti rí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Ohun tó yẹ kí ìwádìí lé bá ni ibi tí orílẹ̀-èdè náà ti yà kúrò lára ẹgbẹ́ rẹ̀, bí Gánà ṣe bá Switzerland jókòó ní 2022 dípò kó dúró de gbogbo Áfíríkà.

Ìwé ìdúró, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń sọ ìdúró orílẹ̀-èdè rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, kì í ju ojúewé kan tàbí méjì lọ. Ohun tí kò wúlò níbẹ̀ ni ọdún òmìnira, olú ìlú àti iye ènìyàn orílẹ̀-èdè. Ẹni tó ń kà á ti mọ̀ wọ́n. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni ohun tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣe fún orílẹ̀-èdè yìí, ohun tó ti fọwọ́ sí àti ọjọ́ tó fọwọ́ sí i, àti ohun tó fẹ́ kí ìgbìmọ̀ ṣe báyìí, ní ọ̀rọ̀ tí agbára ìgbìmọ̀ ká. Ìwé kejì wà tí kò sẹ́ni tó ń gbà á lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí ó sì yẹ kó kọ fún ara rẹ̀: ohun tó lè fi sílẹ̀ bí wọ́n bá dúnàádúrà, àti ohun tí kò lè fi sílẹ̀ láéláé. Ní ẹ̀yìn ìwé kejì yìí, kí ó kọ ìwé ìdúró ẹni tó máa ta kò ó jù. Ọmọ Koumassi tó ń ṣojú Nẹ́dálándì á kọ ti Côte d'Ivoire síbẹ̀, á sì rí ìbéèrè tí wọ́n máa bi í kí wọ́n tó bi í: èbúté wo ni wọ́n ti jẹ́ kí ìdọ̀tí náà padà sínú ọkọ̀? Kò lè sọ pé òun kò mọ̀. Ohun tó lè gbé sílẹ̀ ni pé ní oṣù Agẹmọ 2010, ilé ẹjọ́ kan ní Amsterdam dá Trafigura lẹ́bi pé ó kó ìdọ̀tí náà jáde ní ọ̀nà tó ta ko òfin, tó sì fi ohun tó wà nínú rẹ̀ pa mọ́, ó sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù kan yúrò lé e. Nígbà náà ni aṣojú Côte d'Ivoire á béèrè èló nínú owó yẹn ló dé Akouédo.